Àgbébọ̀ ò nílò àkùkọ kó tó yé ẹyin

Nígbàkígbà tí ìlú tàbí ẹsitéètì kan bá gbé òfin ọ̀sìn adìẹ jáde, ibì kan ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn lè sin àgbébọ̀ mélòó kan sẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n kò sáyè fún àkùkọ. Kíá, ariwo á ta: "Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí nìyẹn! Ta ni ò mọ̀ pé adìẹ tí ò rí àkùkọ ò lè yé ẹyin? Wọn ò kàn fẹ́ ká sin adìẹ ni." Torí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan á pa èrò ọ̀sìn tì pátápátá. Àwọn mìíràn á lọ fi àkùkọ pamọ́ sẹ́yìn ilé, àkùkọ náà ni yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ tú àṣírí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àgbébọ̀ tí kò fojú kan àkùkọ rí láyé rẹ̀ yóò yé ẹyin, iye tí ì bá yé náà ni yóò sì yé. Bí obìnrin tí kò sún mọ́ ọkùnrin ṣe ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ náà ni. Àwọn oko ńláńlá tí ẹyin ọjà ti ń wá kì í da àkùkọ pọ̀ mọ́ àwọn adìẹ tó ń yé. Oúnjẹ lásán ni àkùkọ yóò máa jẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ orí, oúnjẹ àti ìmọ́lẹ̀ ló ń darí ẹyin. Àwọn adìẹ tí wọ́n ń sin nítorí ẹyin máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 22. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tó wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, ọpọlọ adìẹ á mọ̀ ọ́n lára, á ránṣẹ́ sí ibi tí ẹyin ti ń dàgbà, pupa ẹyin kan á sì já bọ́. Láti ìgbà yẹn títí ẹyin yóò fi jáde, nǹkan bí wákàtí 25 ni, nǹkan bí wákàtí 20 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti èèpo nìkan. Ibi tí pupa ti kọ́kọ́ wọ ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jáde ni àtọ̀ àkùkọ ti lè bá a pàdé, kì í sì í pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ níbẹ̀. Bí àtọ̀ bá wà ńlẹ̀, ẹyin náà lè di òròmọdìẹ lọ́jọ́ iwájú. Bí kò bá sí, funfun á ṣì bo pupa, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á tẹ̀lé e, èèpo á sì le. Ara adìẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ fọ́ ẹyin kan sínú àwo, kí ẹ wo orí pupa rẹ̀ dáadáa. Àmì funfun kékeré kan wà níbẹ̀. Bó bá dì pọ̀ sójú kan, tí etí rẹ̀ rí játijàti, àkùkọ ò sí nídìí rẹ̀. Èyí tí àkùkọ wà nídìí rẹ̀ máa ń fẹ̀ díẹ̀, òrùka tó rí fẹ́ẹ́rẹ́ á sì yí i ká. Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń kán sórí pupa nígbà mìíràn, tí àwọn èèyàn máa ń torí rẹ̀ sọ pé ọmọ ti wà nínú ẹyin, kì í ṣe ọmọ. Òpójẹ̀ tíńtín kan ló bẹ́ nígbà tí pupa ń já bọ́. Ní ti adùn àti èròjà aṣaralóore, ẹyin tí àkùkọ wà nídìí rẹ̀ àti èyí tí kò sí nídìí rẹ̀ ò yàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹyin di òròmọdìẹ nìkan ni àkùkọ pọn dandan fún. Bí àgbébọ̀ tí kò rí àkùkọ bá sàba lé ẹyin rẹ̀ fún ọjọ́ 21, òbu ni gbogbo rẹ̀ yóò dà. Lóòótọ́, àkùkọ máa ń ṣọ́ àṣá fún àwọn yòókù, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n àgbébọ̀ bíi 10 ni àkùkọ kan tó fún. Bí mẹ́ta péré bá wà lẹ́yìnkùlé, gígùn tí yóò máa gùn wọ́n ṣáá á bó ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn, awọ wọn á sì yọ síta.

Ariwo gan-an ló fà á tí òfin fi dojú kọ àkùkọ. Kíkọ rẹ̀ nítòsí ẹnu lè ju 130 decibel, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo, lọ. Òun náà kì í dúró de ojúmọ́: ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Nagoya ní Japan fi hàn pé aago inú ara ló ń mú un kọ, kódà bí ìmọ́lẹ̀ ò bá yí padà. Torí náà, fífi aṣọ bo àgò rẹ̀ ò lè pa á lẹ́nu mọ́. Àgbébọ̀ máa ń ké tó bá yé tán, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ọ̀sán ni, kò sì ju ohùn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ibòmíràn ló yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ ka òfin. Adìẹ mélòó ni wọ́n gbà? Báwo ni ilé adìẹ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé aládùúgbò tó? Ṣé ẹ lè ta ẹyin, ṣé ẹ lè pa adìẹ níbẹ̀? Níbo lẹ ó kó ìgbẹ́ rẹ̀ sí, inú kí lẹ ó sì tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ sí kí eku má baà ya bo àdúgbò? Ní New York, òfin ìlera ìlú gba àgbébọ̀ láyè, ó sì ka àkùkọ léèwọ̀. Ní ilẹ̀ England, láti ọjọ́ 1 oṣù October 2024, ẹni tó bá sin adìẹ, ì báà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá sì gbà, onílé tàbí ẹgbẹ́ ẹsitéètì lè má gbà, ìwé àdéhùn ilé ni ẹ ó ti rí ìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má ra òròmọdìẹ ọjọ́ kan. Nígbà mìíràn, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo pàápàá máa ń ṣì í yà, èyí tí wọ́n pè ní abo lè yọ ogbe ńlá lẹ́yìn oṣù mélòó kan kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ ra èyí tó ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, tí ojú ti lè dá mọ̀ pé àgbébọ̀ ni.