Ṣé dandan ni kó gbọ́ràn kí ìtàn tó dùn?

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, àbúrò mi ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí mo ti ń ka ìwé ìtàn fún un lálaalẹ́. Kì í ṣe ẹnu ni mo fi ń kà á o. Ọwọ́ ni. Àìsàn kan ló ṣe é nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, látìgbà náà ni kò ti gbọ́ràn mọ́. Nílé ẹ̀kọ́ ló ti kọ́ èdè àwọn adití, èmi sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé ó rọrùn. Tí mo bá ka ojú ewé kan tán, mo ní láti gbé ìwé sílẹ̀ kí ọwọ́ mi méjèèjì lè ráyè, kí n tó wá sọ ohun tí mo kà. Tí ọ̀daràn bá ń bínú nínú ìwé, ojú mi gbọ́dọ̀ le. Tí ìyá àgbà bá wọlé, èjìká mi á wálẹ̀, ọrùn mi á tẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Nílé tiwa, ibẹ̀ gan-an ló wà. Ìdí tí ọkàn wa kì í fi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná nìyẹn. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ìtàn dúró, torí kò ní rí ọwọ́ mi nínú òkùnkùn. Fóònù màmá wa là ń gbé ti ife omi lórí tábìlì kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tàn sí mi láyà, a ó sì máa bá a lọ títí bátìrì á fi tán.

Ìwé tó fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ni Heidi, tí obìnrin ará Switzerland kan tó ń jẹ́ Johanna Spyri kọ ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn ó lé díẹ̀. Àlòkù ni mo rà á, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ìtàn náà dùn gan-an. Àbúrò mi fẹ́ràn bàbá àgbà tó ń gbé orí òkè, ó fẹ́ràn àwọn ewúrẹ́, ṣùgbọ́n Clara ló fẹ́ràn jù, ọmọ olówó ará Frankfurt tí kò lè rìn, tó máa ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ó ní Clara ló jọ òun, torí pé ojú rẹ̀ ni gbogbo ilé ti máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé ibi tí Peter, ọmọkùnrin tó ń da àwọn ewúrẹ́, ti taari kẹ̀kẹ́ Clara sílẹ̀ láti orí òkè, tí kẹ̀kẹ́ fọ́ yángá, inú bí àbúrò mi débi pé ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì. Nígbà tó wá kan ibi tí Clara ti dìde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí òkè, gbogbo ara ni mo fi sọ ọ́. Mo dìde nílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo tún gbé èkejì. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ńṣe ló tẹjú mọ́ mi. Ó fi ìka kan etí rẹ̀, ó wá bi mí pé, "Tèmi ńkọ́? Ìgbà wo?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo ní ilẹ̀ ti ṣú, kó lọ sùn.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè ka ìwé ọmọdé mọ́ kí n má kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti wo ẹnì kan sàn níbẹ̀. Mo gbé The Secret Garden, ti Frances Hodgson Burnett, tó jáde ní 1911, mo sì bá Colin níbẹ̀: ọmọ tó gbà pé òun ò ní pẹ́ kú, tó kàn ń dùbúlẹ̀ nínú yàrá, wọ́n gbé e wọ inú ọgbà òdòdó, ó bá ń rìn. Àwọn tó kọ àwọn ìwé yìí mọ̀wé kọ, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má kà wọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ti sọ ìwòsàn di ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó bá ṣe dáadáa. Ọmọ tó bá nígbàgbọ́, tó mu wàrà, tó gba atẹ́gùn, tó sì lọ́rẹ̀ẹ́ gidi, ara rẹ̀ á yá. Ọmọ tí ara tirẹ̀ ò wá yá ńkọ́? Kí ni kó rò nípa ara rẹ̀? Àbúrò mi ń jẹun, ó lọ́rẹ̀ẹ́, ó ń gbàdúrà. Orí òkè àdúrà tí wọ́n ti gbé e lọ ju mẹ́ta lọ, ó sì kúnlẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fipá mú un. Ìwé tó bá sọ fún un pé ayọ̀ ò lè dé àfi tí etí òun bá ṣí, ohun tó ń sọ fún un ni pé ayé rẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n màmá mi kan tí wọ́n jẹ́ olùkọ́. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́dọ̀ ní ìrètí, pé ìwé tí kò bá fún ọmọ nírètí, kí èèyàn gbé e jù sílẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àbúrò mi ń retí, torí ó ń sọ ọ́ fún mi. Ó fẹ́ máa tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó fẹ́ ní ajá. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù sóun tóun bá dúró síbi tó dáa, kí wọ́n yéé ṣe bíi pé àwọn ò rí òun. Ìwé wo ló ń sọ̀rọ̀ nípa ìrètí yẹn?

Lédè tiwa, Olóyè J.F. Ọdúnjọ, àwọn tó kọ Aláwíyé tí àwọn òbí wa fi kọ́ ìwé kíkà, ti kọ Kúyẹ̀ láti 1964. Ọmọ òrukàn tí kò gbọ́ràn, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, ni wọ́n fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Mo júbà wọn fún ìyẹn. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, nítorí ìyà tó jẹ ọmọ náà pọ̀. Àmọ́ mi ò tíì lè sọ ọ́ fún àbúrò mi. Òun ti mọ ìyà yẹn. Wọ́n ò lè fi ọ̀rọ̀ náà "odi" pa mọ́ fún un, kódà bí kò ṣe gbọ́ ọ, torí ó ti mọ bí ẹnu èèyàn ṣe ń rí tó bá ń pe ọ̀rọ̀ yẹn. Mo rí i lójú rẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ kan. Ẹni tó sọ ọ́ gan-an ò mọ̀ pé ó yé e.

Mo wá bọ́ sórí Akata Witch, ti Nnedi Okorafor, tó jáde ní 2011. Mo fẹ́ràn Sunny, àfín ọmọ ọdún méjìlá tó ń gbé ní Aba, tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ju àwọn ọkùnrin lọ. Èmi rò pé mo ti rí ohun tí mò ń wá, torí pé jíjẹ́ àfín rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó ní agbára àrà ọ̀tọ̀. Àbúrò mi gbádùn ìtàn náà, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù bà á. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó dá ọwọ́ dúró, ó ní, "Tí kò bá ní agbára yẹn, ṣé wọ́n á kọ ìwé nípa rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Kò yẹ kí ọmọ máa fi agbára san gbèsè etí tí kò gbọ́ràn.

Àǹtí wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló wá mú Song for a Whale bọ̀ fún wa ní ìgbà ọdún Kérésì. Lynne Kelly, ará Amẹ́ríkà tó máa ń ṣe ògbufọ̀ èdè àwọn adití, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 2019. Ọmọ ọdún méjìlá ni Iris, adití ni, adití ni ìyá àgbà rẹ̀ náà, iṣẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù ni títún rédíò àtijọ́ ṣe. Mi ò tíì sọ gbólóhùn yẹn tán tí àbúrò mi fi di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní kí n tún un sọ. Adití? Rédíò? Mo tún un sọ. Ó sáré lọ síbi rédíò bàbá wa, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń gbọ́ ìròyìn lówùúrọ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá orin ni àbí ọ̀rọ̀. Bí Iris náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nínú ìtàn náà, ẹja àbùùbùtán kan wà tí ohùn orin rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló ń dá lúwẹ̀ẹ́ káàkiri òkun láìsí ẹni tó ń dá a lóhùn. Iris ṣe orin kan tó bá ohùn ẹja náà mu, òun àti ìyá àgbà rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Alaska láti wá a lọ.

Alẹ́ mẹ́rìndínlógún la fi kà á. Lálẹ́ tó kẹ́yìn, kí n tó pa ìwé dé, ó bi mí bóyá Iris padà gbọ́ràn. Mo ní rárá, ó rí ẹja rẹ̀ ni. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, rédíò wọn ti di wẹ́wẹ́ lórí ìwé ìròyìn, síkúrúù rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú ìdérí agolo mílíìkì, ó tò wọ́n bó ṣe tú wọn tẹ̀léra. Bàbá wa wò ó títí, wọ́n wá bọ́ bàtà wọn, wọ́n jókòó tì í nílẹ̀.

Àmọ́ Amẹ́ríkà ni Iris wà. Ìbàdàn là ń gbé. Láti 1960 ni Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà, ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní ìlú yìí. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Àwọn adití tó ń ránṣọ, tó ń kọ́ni, tó ń gẹrun, tó ti bímọ, wà láàárín wa, wọ́n ń dúnàádúrà lọ́jà pẹ̀lú ìka ọwọ́. Kí ló dé tí mi ò rí ọmọ wọn kan ṣoṣo nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n ń tà fún ọmọdé lónìí? Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tàwé ní Dùgbẹ̀. Ìwé ìdánwò ni wọ́n ń nà sí mi.

Àbúrò mi ti sọ èyí tó wù ú. Ó ní kí ó jẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ata ní Bódìjà, tí àwọn olè dúró sí òdìkejì títì, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́, tí ọmọ náà sì ń wo ẹnu wọn. Ó ní kí ajá wà níbẹ̀. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́sàn-án sínú ìwé kékeré kan, ó sì ti ní kí n fa ìlà kọjá lórí méjì nínú rẹ̀ torí pé mo jẹ́ kí ọmọ náà sunkún jù.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá mọ ìwé ìtàn kankan lédè Yorùbá tí ọmọ adití wà nínú rẹ̀, tí kò gbọ́ràn ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò sì gbọ́ràn ní ìparí, ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ó ti ń béèrè èyí tí a ó kà lálẹ́ òní.