Oníbodè Inú Kátíríìjì

Inú ń bí mi sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Mi ò ní kọ́kọ́ kí yín, ẹ má bínú. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí yín, ìbínú náà á rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀.

Ìléyá ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń fi ìwé títẹ̀ jẹun. Ọjọ́ kẹta Ìléyá ni Ojúde Ọba, kò sì sí regbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, tí kì í wá nǹkan tẹ̀: ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, káàdì ìfikọ́rùn, ìwé ìpè fún àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó àti òkè òkun. Aṣọ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, télọ̀ ti ń purọ́, àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń fọ ẹṣin. Ìwé nìkan ló kù, ọ̀dọ̀ mi ni ìwé sì wà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni mo fi ń san owó ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀nà Ìbàdàn. Ìyókù ọdún, fọ́tókọ́pì ni, fọ́ọ̀mù JAMB ni, ká ṣáà má jókòó lásán.

Àlàájà kan tó jẹ́ akọ̀wé regbẹ́rẹgbẹ́ tiwọn ló gbé iṣẹ́ wá. Káàdì 200, aláwọ̀ mèremère, àwòrán ẹni kọ̀ọ̀kan lára tirẹ̀. Wọ́n san ìdajì owó. Mo ti tẹ 64 nígbà tí ọmọkùnrin kan wọlé pé òun fẹ́ tẹ rìsíìtì tó wà lórí WhatsApp òun. Mo tan íntánẹ́ẹ̀tì fóònù mi kí kọ̀ǹpútà lè gbà á. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà so mọ́ ọn, torí ó ti mọ orúkọ fóònù mi tipẹ́. Mo tẹ rìsíìtì fún un, mo gba ₦100. Ẹ fi ₦100 yẹn sọ́kàn.

Bí mo ṣe padà sídìí káàdì Àlàájà, ẹ̀rọ kọ̀. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Ó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì sójú ara rẹ̀ pé kátíríìjì, ìyẹn ilé íǹkì inú òun, kì í ṣe ojúlówó, pé wọ́n ti dí i, kí n lọ ra òmíràn.

Kátíríìjì kan náà tó tẹ káàdì 64! Kátíríìjì kan náà tí mo ti ń fi síríńjì rọ íǹkì sí láti bí oṣù mẹ́sàn-án! Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ojúlówó ni. Nígbà tó máa fi di aago méjì ọ̀sán, ó ti di ayédèrú, bẹ́ẹ̀ ó jókòó síbi tó wà, kò gbéra.

Mo pa ẹ̀rọ, mo tún tan án. Mo yọ kátíríìjì, mo fi aṣọ nu ojú bàbà rẹ̀, mo dá a padà. Ọmọṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, bóyá ká gbàdúrà sí i." Ẹ̀fẹ̀ kọ́ ló ń ṣe o.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, fún ẹni tí kò bá tíì kàn lára. Ohun kékeré kan wà lẹ́yìn kátíríìjì, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, ṣíìpù ni wọ́n ń pè é. Kì í tẹ ìwé. Kò fọwọ́ kan íǹkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ fún ẹ̀rọ pé "ará ilé ni mí," kó sì máa ṣírò íǹkì, tó fi lè ní íǹkì ti tán nígbà tí ẹ bá mi kátíríìjì tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ nínú. Nígbà tí ẹ̀rọ mi rí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nítorí rìsíìtì ₦100, ó sáré lọ gbé prógíráàmù tuntun, tí wọ́n ń pè ní ọ́pdéètì, wá lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Kò bi mí. Kò kan ilẹ̀kùn. Prógíráàmù tuntun yẹn ló ní kó má dá irú ṣíìpù tèmi mọ̀ mọ́. Détà tí mo fi owó mi rà ni wọ́n fi gbé e wọlé. Wọ́n rán ọlọ́pàá wá mú mi, èmi ni mo san owó mọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi gàrí ṣàlàyé, torí Ìjẹ̀bú ni wá. Mo ra kọ́ńgò gàrí méjì lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà. Mo sanwó, mo gbé e relé. Mo bu omi sí i, mo fi ṣúgà sí i, ó ku kí n gbé ṣíbí. Ìyá oníkọ́ńgò já wọlé, ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní omi tí mo fi rẹ gàrí kì í ṣe omi tòun, àfi kí n wá ra omi lọ́dọ̀ òun. Kí lẹ máa ṣe fún ìyá yẹn? Ẹ máa pe àdúgbò lé e lórí. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá ṣe é, a ní ọ́pdéètì ni.

Igo íǹkì tí mo ń rọ, ₦3,500. Ó ń rọ kátíríìjì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kó tó tán. Èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ ojúlówó, ₦32,000, dúdú lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ta ẹ̀rọ lọ́pọ̀ kí wọ́n lè ta íǹkì lówó gọbọi. Kò sí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀. Mo mọ̀ nígbà tí mo rà á, ìyẹn kọ́ ni mò ń bá wọn jà sí. Ohun tí mò ń bá wọn jà sí ni pé ẹ̀rọ tí mo rà ní ọdún méjì sẹ́yìn kọ́ ló wà lórí tábìlì mi báyìí. Wọ́n wọlé mi wá pààrọ̀ rẹ̀. Ìkarahun rẹ̀ nìkan ló ṣì jẹ́ tèmi.

Àwa Ìjẹ̀bú kọ́ ló sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé oníbodè fún. Àwọn bàbá ńlá wa ló di ọ̀nà láàárín etí òkun àti òkè mú. Ẹrù tó bá ń lọ sí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ wa kọjá, ẹni tí kò bá wù wá, a ti ọ̀nà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ìdí, tí wọ́n fi gbé ìbọn Maxim wá bá wa jà ní Ìmágbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Bàbá mi máa ń sọ ìtàn náà, ojú á tì wọ́n díẹ̀, orí wọn á tún wú. Ṣùgbọ́n oníbodè ayé ìgbà yẹn ní ọ̀wọ̀. Ẹ máa rí àgọ́ rẹ̀ lókèèrè. Ẹ máa dúnàádúrà. Tẹ́ ẹ bá san tán, tẹ́ ẹ kọjá, kò ní tẹ̀ lé yín délé wá dúró sídìí ààrò yín. Oníbodè inú kátíríìjì yìí, àárín ilé mi ló kọ́ àgọ́ sí. Àwọn òyìnbó tó fi ìbọn kọ́ wa pé ọ̀nà kì í ṣe ohun tí à ń tì, àwọn ará wọn ló wá ń ti gbogbo ọ̀nà pa báyìí.

Mo pe nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sára páálí. Orin dún títí, owó ìpè ń lọ. Ọmọ kan gbé e, ohùn rẹ̀ tútù, ó mọ̀wàhù, mi ò lè bínú sí i. Ó ní ọ́pdéètì náà wà fún ààbò mi. Mo ní ààbò lọ́wọ́ ta? Ó ní lọ́wọ́ íǹkì tí kò dára. Mo ní íǹkì tí kò dára yìí ti ń bọ́ mi láti oṣù mẹ́sàn-án, ẹ ò bá kúkú bá mi kí i. Ló bá kọ́ mi ní èyí tó jọ mí lójú jù: ó ní èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ sí i.

Òótọ́ ni. Ọjọ́ tí mo gbé e délé, ìwé kan jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó gùn ju ọ̀nà Èkó lọ, bọ́tìnnì búlúù kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Tí èèyàn ò bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́, owó sì ti lọ. Bàbá bàbá mi tẹ̀ka síwèé tí wọn ò lè kà, ilẹ̀ ló bá a lọ. A máa ń sọ ọ́ nílé wa bí ìtàn ẹni tí kò kàwé. Èmi tí mo kàwé rèé, àtàǹpàkò náà kọ́ ni mo tún tẹ̀ yìí?

Èmi náà lọ tú ohun tí òfin wí, torí oorun kọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Lexmark (ẹ̀rọ tèmi kì í ṣe tiwọn o, kí wọ́n má pè mí lẹ́jọ́) bá àwọn tó ń rọ íǹkì sí ògbólógbòó kátíríìjì fà á dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní 2017, àwọn adájọ́ ní rárá: tẹ́ ẹ bá ti ta kátíríìjì, ẹ̀tọ́ tí ẹ ní lórí rẹ̀ látinú ìwé àṣẹ ohun tí ẹ hùmọ̀ ti tán. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé kò kan àwọn onísòwò yìí: ohun tí adájọ́ kò fún wọn, wọ́n fi ṣíìpù gbà á.

Nílé wa ńkọ́? Òfin tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, sílẹ̀, ti 2018, kò fẹ́ kí ontajà fipá mú ẹni tó wá ra ọjà kan láti tún ra òmíràn mọ́ ọn. Ó dáa. Òfin Copyright (ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀) ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, tún wá fi òfin de jíjá àgádágodo tí oníṣẹ́ bá fi dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Èwo ni kí n kà fún ọmọ tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní Sábó? Ó ti jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó ń fi abẹ́ yọ ṣíìpù lára ògbólógbòó kátíríìjì láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ tèmi. Kò mọ̀ bóyá òun ń dá mi láre ni tàbí òun ń dá ẹ̀ṣẹ̀.

Ìbínú lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Richard Stallman, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ prógíráàmù, wà ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà nígbà tí ilé iṣẹ́ Xerox fún wọn ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Ìwé ń há sí i lọ́nà ọ̀fun. Stallman fẹ́ kọ prógíráàmù tó máa jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ké pe àwọn èèyàn nígbà tí ìwé bá há, ṣùgbọ́n wọ́n ti prógíráàmù inú ẹ̀rọ náà pa, ẹni tó ní i lọ́wọ́ sì kọ̀, kò fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ní 1983, ó kéde iṣẹ́ GNU, pé kí prógíráàmù máa jẹ́ ohun tí ẹni tó ń lò ó lè wò nínú, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Ohun tí ìbínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí fún un nìyẹn. Tèmi, èébú nìkan ló tíì bí.

Ohun mìíràn tún wà tó ń pa mí lẹ́kún. Ní 2005, EFF, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà aláwọ̀ kan ń tẹ ẹ̀kán yẹ́lò wínníwínní sára ìwé, ojú lásán ò lè rí i, nọ́ḿbà ẹ̀rọ àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé náà ló wà nínú rẹ̀. Ìwé tí ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ kọ, ẹ̀rọ ti bá yín fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n lọ ra èyí tó ní táńkì tí wọ́n ń da íǹkì sí, ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ fi owó tì í.

Àlàájà dé nírọ̀lẹ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ti ṣíìpù, ti ọ́pdéètì, ti bọ́tìnnì búlúù. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ra ẹ̀rọ yìí, àbí òun ló rà ọ́?" Mo ní kí wọ́n má bínú, mà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Àdàpọ̀ ṣíìpù ti Sábó ò ṣiṣẹ́. Mo rí kátíríìjì dúdú rà nílùú, kò sí aláwọ̀, awakọ̀ kan ló bá mi gbé e bọ̀ láti Ṣágámù. ₦64,000, yàtọ̀ sí owó awakọ̀. Mo jókòó títí di aago mẹ́ta òru, ariwo jẹnẹrétọ̀ létí mi, mo tẹ 136 tó kù. Àlàájà san ìdajì tó kù pé pérépéré, wọ́n tún bá mi ṣàdúrà. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò, mo ti fi owó ara mi tẹ káàdì fún regbẹ́rẹgbẹ́ tí mi ò sí nínú rẹ̀.

Mo ti pa orúkọ fóònù mi rẹ́ nínú ẹ̀rọ náà. Wáyà ni mo fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà báyìí, kọ̀ǹpútà yẹn náà ò sì ní rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Oníbàárà tó bá mú rìsíìtì WhatsApp wá, mo ń júwe ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi fún un. Iná búlúù kan ti ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ náà, tọ̀sán-tòru. Ó ń wá nẹ́tíwọ̀kì. Kó máa wá a lọ.