Ẹni tó lè ru kọnkéré lè to bulọ́ọ̀kù

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó, èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọkùnrin àti iṣẹ́ obìnrin rèé. Ẹ yà síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́nà Ọ̀bà-Ilé tàbí lọ́nà Ọ̀dà láàárọ̀ ọjọ́kọ́jọ́. Ẹ óò rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń ru iyanrìn, tí wọ́n ń gbé páànù kọnkéré gun àkàbà. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni. Bulọ́ọ̀kù ínṣì 9 kan lé ní kílò 20, obìnrin á gbé e lérí, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọkùnrin tó dúró níwájú ògiri, tírówẹ̀lì tó fúyẹ́ ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń pín owó, ẹni tó di tírówẹ̀lì mú á gba owó bíríkìlà, ẹni tó ru ẹrù á gba owó lébùrà. Ẹ wá béèrè ìdí tí wọn ò fi kọ́ ọmọbìnrin níṣẹ́ bíríkìlà, wọ́n á ní iṣẹ́ agbára ni.

Agbára kọ́ ni wọ́n fi pààlà iṣẹ́ láàárín wa. Ibi tí owó àti iyì bá pọ̀ sí ni wọ́n ń pè ní tọkùnrin. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, ibẹ̀ náà ló ń já sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí bíríkìlà ń ṣe gan-an. Á kọ́kọ́ to bulọ́ọ̀kù igun méjèèjì, á na okùn láti igun kan sí ìkejì kó le dan-in, torí okùn yẹn ni gbogbo ìlà náà máa tẹ̀ lé. Á po sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan mọ́ iyanrìn ìwọ̀n mẹ́fà, á tẹ́ ẹ sórí ògiri, á gbé bulọ́ọ̀kù lé e, á fi ìdí tírówẹ̀lì kàn án díẹ̀díẹ̀ títí tí etí rẹ̀ á fi bá okùn dọ́gba. Á fi lẹ́fẹ̀lì wò ó bóyá ó tẹ́jú, á fi pọ́lọ́ńbù wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, ojú ìpàdé bulọ́ọ̀kù òkè kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ojú ìpàdé tìsàlẹ̀. Àárín bulọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ ló yẹ kó bọ́ sí. Bí ojú ìpàdé bá ń to léra, ibẹ̀ ni ògiri máa là gba láti òkè délẹ̀. Bákan náà, àpòpọ̀ tó ti ń dì, tí bíríkìlà tún bu omi lé kó lè rọ̀, kò ní di bulọ́ọ̀kù mú dáadáa mọ́, bó ti wù kó dán lójú tó. Ojú àti sùúrù ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Obìnrin tó gbé bulọ́ọ̀kù wá láti ìsàlẹ̀ ti ṣe èyí tó wúwo jù nínú rẹ̀ kí bíríkìlà tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, iyán ni oúnjẹ. Iṣẹ́ ilé wo ló gba agbára ju iyán gígún lọ? Síbẹ̀ ọmọkùnrin ọmọ ọdún 18 tó taagun á jókòó ti fóònù, ìyá rẹ̀ tó ti wà ní Ọjà Ọba látàárọ̀ á máa gbé ọmọ odó sókè sódò. Bó bá jẹ́ agbára ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ lóòótọ́, ọwọ́ ọkùnrin ni ọmọ odó ì bá wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọkùnrin nílé, bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ nìyí. Iṣu tó gbó, tó ti pẹ́ nílẹ̀, ni kó kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, torí iṣu tuntun lómi nínú, iyán rẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ dì mọ́ra. Kó gé e dọ́gba. Bí gígé kan bá tóbi bí ìkúùkù tí èkejì rí pẹlẹbẹ, èyí tó rí pẹlẹbẹ á ti rọ̀ jù kí èyí tó tóbi tó jinná nínú, kókó tí ẹ ń rí nínú iyán kì í sábà wá láti ibòmíràn. Omi kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kó fi ọ̀bẹ gún un wò: tí ọ̀bẹ bá wọlé tó sì jáde wọ́ọ́rọ́ láìgbé iṣu sókè, ó ti jinná. Kò gbọ́dọ̀ da omi rẹ̀ nù, kò sì gbọ́dọ̀ kó gbogbo iṣu jáde lẹ́ẹ̀kan. Kí èyí tó kù wà nínú omi gbígbóná lórí iná, iṣu tó bá ti tutù kì í gún. Kó kó díẹ̀ sínú odó, kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fi ìbínú bẹ̀rẹ̀, iṣu á fò jáde lódó. Ìgbà tó bá ti fọ́ tán ni kí ọmọ odó wá máa lọ sókè, kó sì jẹ́ kí ìwúwo ọmọ odó fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí apá ń ro, ṣe ni wọ́n ń fipá tì í mọ́lẹ̀. Ìgbà tó bá ti ń fà tí kókó sì ti tán ni omi gbígbóná tó ń wọlé, díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ṣáájú, kókó á kàn máa yọ̀ lábẹ́ ọmọ odó ni, kò ní fọ́ mọ́.

Ọmọ tó bá ti mọ èyí ní ọmọ ọdún 15, kò sí yàrá tó máa gbà ní yunifásítì FUTA tàbí ní Ọ̀wọ̀ tí ebi á ti máa pa á, tàbí tí yóò fi máa jẹ índómì láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ wá wò ó bí iṣẹ́ kan náà ṣe ń pa dà tí owó bá ti wọ̀ ọ́. Aṣọ fífọ̀ nínú ilé, wọ́n ní tobìnrin ni. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ tó ń gbowó lórí ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí ẹ̀. Oúnjẹ sísè nínú ilé, tobìnrin. Ẹran súyà tó ń pawó lálẹ́, tọkùnrin. Ní ìdí gààrí, obìnrin ló ń bó ẹ̀gẹ́, obìnrin ló ń fara da èéfín láti yan án, ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ tó ń rin ín tó sì ń gbowó lórí rẹ̀, ọkùnrin ni níbi púpọ̀. Ebu epo pupa náà kò yàtọ̀: ẹ̀rọ dé, ó gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ obìnrin, ó sì gbé owó rẹ̀ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ. Kí ló dé tí ọmọbìnrin kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń ki bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó já, tàbí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀?

Àwọn kan á ní àṣà wa ni. Àṣà ta ni? Ìtàn Oǹdó fúnra rẹ̀ sọ pé obìnrin ni Púpupú, Ọṣemàwé àkọ́kọ́, ìyẹn ọba Oǹdó. Oyè Olóbùn wà ní Oǹdó títí dòní, obìnrin ló ń jẹ oyè náà. Ní Àkúrẹ́, bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin ọba ni wọ́n ń fi ṣe adelé. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, Adétútù Adéṣidà-Òjéí ló di ìlú mú títí ọba tuntun fi gorí oyè. Ìlú tó lè gbé ìjọba lé ọmọbìnrin lọ́wọ́, ìlú náà ni yóò wá sọ pé sípánà wúwo jù fún un? Ní Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Àwọn obìnrin ibẹ̀ ni wọ́n ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró láti ayébáyé. Iṣẹ́ télọ̀ tí ọkùnrin pọ̀ nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí ní Arákálẹ̀ l'Àkúrẹ́ lónìí kí ẹ wo bí ọmọbìnrin ṣe kún ibẹ̀. Ọkùnrin náà sì ti ń ṣe irun obìnrin, owó ń wọlé, ilẹ̀ kò ya.

Ohun tó ń dùn mí ni bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń fi àwọn obìnrin sínú òkùnkùn, òkùnkùn gan-an tó jẹ́ àìsí iná. Obìnrin tó kàwé, tó ń ṣe ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàáká, á jókòó nínú ooru títí ọkọ á fi dé kó tó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n díẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Lítà epo kan gba mílílítà 20 ọ́ìlì. Gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin gba 80. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ gbọn ọ́n dáadáa kó tó wọnú tánkì. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, á máa rú èéfín, á sì bo púlọ́ọ̀gì lẹ́nu. Bó bá kéré jù, písítìn á gbóná, á há, ẹ̀rọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ṣí epo, ẹ ti ṣóòkì bí ẹ̀rọ bá tutù. Ẹ rọra fa okùn títí tí ẹ máa fi mọ̀ pé ó le lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ wá ti fà á lójijì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà nìyẹn: wọ́n á kàn máa já okùn láti ibi tó bá ti wù wọ́n, apá á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní ẹ̀rọ fẹ́ ọkùnrin. Bó bá kọ̀, ẹ fi sípánà púlọ́ọ̀gì tú púlọ́ọ̀gì, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá dúdú tó sì tutù, ẹ nù ún, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi ọwọ́ dá a pa dà kí sípánà tó kàn án, kí ojú ìdè rẹ̀ má baà jẹ. Ìta gbangba ló gbọ́dọ̀ wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Gáàsì apani tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú. Ẹ má bu epo sí i nígbà tó bá ṣì gbóná.

Ọkùnrin náà ní ohun tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà á. Ẹni tó bá ń fọ abọ́, tó ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ, àwọn ará ilé á ní ìyàwó ti fún un ní nǹkan jẹ. Obìnrin ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́, ìyá ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ó mọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ẹ bí kò rán èèyàn sí ọ̀run nítorí pé ó se ọbẹ̀ fún aya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn ọmọbìnrin jẹ. Sandra Aguebor, obìnrin tó jẹ́ mẹkáníìkì, ti fi hàn ní Èkó, pẹ̀lú Lady Mechanic Initiative tó dá sílẹ̀, pé wọ́n lè kọ́ obìnrin ní mẹkáníìkì kó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ọ̀pọ̀ wọ́kọ́ṣọ́ọ̀pù tó gba ọmọbìnrin: òun ni wọ́n ń rán lọ ra oúnjẹ, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ ọ̀gá. Ọdún á yí po, kò ní lè tú táyà. Wọ́n á wá ní, ẹ ò rí i pé obìnrin ò lè ṣe é?

Ẹ wo páàdì bíréèkì, tó jẹ́ pé ó yẹ kí ọmọọṣẹ́ mọ̀ ọ́n lọ́dún àkọ́kọ́. Kó dẹ àwọn nọ́ọ̀tì táyà nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Bó bá gbé mọ́tò sókè tán kó tó bẹ̀rẹ̀, táyà á máa yí bá a lọ. Nọ́ọ̀tì tó bá ṣorí kunkun, kó ki páìpù gígùn bọ sípánà lọ́wọ́. Bí ọwọ́ sípánà bá ṣe gùn sí ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí, ọkùnrin onírírí gan-an ń lò ó. Kó fi òkúta dá táyà tó kù dúró, kó wá jáàkì mọ́tò, kó sì gbé e lé ohun tó lè gbà á dúró. Tó bá tú kálípà, irin tó di páàdì mú, kó fi okùn so ó rọ̀ sókè, kò gbọ́dọ̀ fi ọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà, rọ̀, á ya nínú. Kó ṣí ìdérí ọpọ́n omi bíréèkì, kó rọra ti písítìn wọlé, kó ki páàdì tuntun bọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀tì táyà, kó máa kàn wọ́n ní ìdojúkojú, kó má tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Kí mọ́tò tó yí ẹsẹ̀ kan, kó tẹ bíréèkì léraléra títí tó fi le. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ á lọ sílẹ̀ pátápátá, mọ́tò kò sì ní dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń mú ọmọbìnrin lọ síbi iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ní oṣù mẹ́ta, ó ti gbọ́dọ̀ lè tú táyà kó sì dá a pa dà; ní oṣù mẹ́fà, kó lè pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà; kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, kó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe páàdì bíréèkì níṣojú yín. Ẹ kọ ọ́ pé ilé ìyàgbẹ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ẹ kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá a dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ. Bó bá lóyún tó sì bímọ kó tó gba òmìnira, kó pa dà wá parí èyí tó kù, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tó ṣàìsàn ṣe ń pa dà wá. Bí ọ̀gá bá ní òun ò lè bu ọwọ́ lù ú, ẹ mú ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àkúrẹ́ kò ṣàìní mẹkáníìkì.