Wọ́n Fọ́mátì Kọ̀ǹpútà, Fáírọ́ọ̀sì Tún Padà Dé: Kí Ló Fà Á?

Bí kọ̀ǹpútà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, tí ìpolówó tí ẹnikẹ́ni kò pè ń yọjú, tí fáìlì inú fláàṣì sì ń pòórá, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ máa gbọ́ ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé Òdógunyàn: "Ẹ kàn fọ́mátì ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á lọ." Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò kúkú parọ́ pátápátá, nítorí pé fọ́mátì máa ń nu ohun tó bá wà ní apá ibi tí a bá fọ́mátì. Ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì nìyẹn, pàápàá jù lọ bí ó bá jẹ́ pé Windows 7 kan náà, ètò ilé-iṣẹ́ Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n tún gbé padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹnjiníà ń gbé padà gan-an. Ọdún 2009 ni Windows 7 jáde, ọdún 2011 sì ni Microsoft kó àwọn àtúnṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ jọ sínú Service Pack 1. Síídì Windows 7 tó wọ́pọ̀ kò kọjá ibẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, tí Microsoft jáwọ́ nínú títún Windows 7 ṣe fún aráàlú, oṣooṣù ni ilé-iṣẹ́ náà ń dí ihò tí fáírọ́ọ̀sì lè gbà wọlé. Bí a bá fọ́mátì, gbogbo ohun tí wọ́n fi dí àwọn ihò náà bá a lọ, nítorí náà ẹ̀rọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ ẹnjiníà lè má lágbára tó bí ó ṣe wà kí ẹ tó gbé e lọ. Dídá àwọn àtúnṣe náà padà kò sì rọrùn, nítorí pé Microsoft yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọwọ́ sí àtúnṣe (láti fi hàn pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá) padà ní ọdún 2019, tó bẹ́ẹ̀ tí Windows 7 inú síídì àtijọ́ kò fi lè gba nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ wọn mọ́, àfi bí a bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wa gbé àwọn àtúnṣe kan pàtó sí i. N kò rò pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń fọ́mátì fún wa ló ń ṣe wàhálà yìí.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì WannaCry ń jà ràn-ìn ní oṣù Èbìbí ọdún 2017, tí ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, tí ó sì ń béèrè 300 dọ́là ní Bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó tó ṣí wọn, kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tẹ nǹkan kan. Ọ̀nà àtijọ́ tí Windows ń gbà pín fáìlì àti príńtà láàárín kọ̀ǹpútà, èyí tó ń jẹ́ SMBv1, ni ó gbà wọlé, ó sì mú ẹ̀rọ tó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè. Windows 7 tí wọn kò tún ṣe ló pọ̀ jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò náà jáde láti oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún náà. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí kọ̀ǹpútà mẹ́rin bá ń pín príńtà kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, tí wọ́n fọ́mátì ọ̀kan tí wọ́n sì fi mẹ́ta sílẹ̀, irú ihò yẹn gan-an ni wọ́n tún ṣí sílẹ̀.

Síbẹ̀, fláàṣì ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ládùúgbò wa. Ẹ wo àyíká Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LASPOTECH: láti àárọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó fláàṣì wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, fláàṣì kan náà tí wọ́n ti kì bọ ẹ̀rọ mìíràn káàkiri. Ẹ ṣí ọ̀kan, ẹ kò rí fódà kankan, àfi àwòrán kan ṣoṣo tó ń jẹ́ orúkọ fláàṣì náà, tí ọfà kékeré kan wà ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àwọn fódà yín á yọ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi fura; ṣùgbọ́n kí wọ́n tó yọ, àwòrán ọlọ́fà náà ti jí fáírọ́ọ̀sì tó sá pamọ́ sínú fláàṣì, ó sì ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, níbi tí yóò ti máa dúró de fláàṣì tó bá kàn. Àwọn fáìlì náà kò sọnù, ó kàn gbé wọn pamọ́ ni. Ẹni tó bá ṣí Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, tí ó tẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé E ni lẹ́tà fláàṣì náà, yóò tún fojú kàn wọ́n.

Ẹnjiníà wá dé, ó fọ́mátì C, ìyẹn apá dísììkì tí Windows wà, kò fọwọ́ kan D, apá kejì, nítorí pé D ni iṣẹ́ àwọn oníbàárà wà. Àwọn àwòrán ọlọ́fà àti ohun tó sá pamọ́ sẹ́yìn wọn wà ní D digbí. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣèèṣì tẹ ọ̀kan nínú wọn, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ la tún padà sí. Àwọn tó kó D sórí dísììkì àgbéká, tí wọ́n nu gbogbo ẹ̀rọ, tí wọ́n tún da gbogbo rẹ̀ padà láìṣà á, kò sàn jù wọ́n lọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ohun tí wọ́n fi ń ṣí Windows ayédèrú, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ láìsanwó. Ohun àkọ́kọ́ tí ó sábà máa ń béèrè ni kí a pa ántífáírọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà kí a fún un ní àṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbé fáírọ́ọ̀sì dání, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán dá èyí tó gbé e mọ̀.

Fọ́mátì kò sì lè dá ohun tó ti jáde padà. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti jí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì tàbí ti íméèlì yín, orí ẹ̀rọ mìíràn tó mọ́ ni kí ẹ ti yí i padà. Bí ó bá sì jẹ́ irú èyí tó ń ti fáìlì pa, fọ́mátì ni yóò tilẹ̀ ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Ẹ tọ́jú àwọn fáìlì tó ti pa náà, kí ẹ sì wo ìkànnì No More Ransom, tí Europol (àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù) àti àwọn ọlọ́pàá Netherlands wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2016, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀ fún díẹ̀ nínú wọn.

Ohun tí èmi á ṣe nìyí. Ẹ fi fláàṣì tí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, wà lórí rẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, kí Windows tó ní àrùn má bàa jí rárá. Ìwé, àwòrán àti PDF nìkan ni kí ẹ kó. Ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí exe, lnk, vbs, js tàbí bat, ìyẹn irú fáìlì tó lè jí ètò bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ wá pa gbogbo dísììkì rẹ́, àti C àti D. Lẹ́yìn èyí, ẹ má gbé Windows 7 padà. Windows 10 pàápàá ti bá a kẹ́gbẹ́, Microsoft kò tún un ṣe fún gbogbo ènìyàn mọ́, láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè gbé Windows 11. Linux Mint, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, kò gba kọ́bọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) kò ju 2GB lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ló dára. Mi ò ní tàn yín: LibreOffice inú rẹ̀ máa ń ṣí iṣẹ́ tí wọ́n fi Word ṣe, ṣùgbọ́n ìlà àti tábìlì inú rẹ̀ lè yẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí náà kí oníbàárà gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá ní PDF kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Bí príńtà tàbí ẹ̀rọ kan tí kò mọ nǹkan mìíràn ju Windows 7 lọ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ yọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pátápátá, ẹ pa SMBv1 inú rẹ̀, kí fláàṣì kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù yín sì jẹ́ òun nìkan tí yóò máa wọ inú rẹ̀.