Pápá Ìṣeré Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, pápá ilé-ẹ̀kọ́ kì í sinmi nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Àsìkò intáhaòsì nìyẹn. Koríko ti gbẹ, wọ́n ti dáná sun èyí tó kù, ilẹ̀ ti le. Àwọn ọmọ á fi eérú àti ẹfun fa ìlà sílẹ̀, ilé pupa àti ilé búlúù á pàgọ́ wọn síbi tí òjìji wà, àwọn òbí á sì pa oko tì lọ́jọ́ náà kí wọ́n lè wá wo ọmọ wọn. Àsìkò yìí kan náà ni ẹgbẹ́ asáré máa ń kún fọ́fọ́ nínú ìlú. Kóòṣì, tó sábà máa ń jẹ́ olùkọ́ tí kò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ yìí, á ṣa àwọn tí ẹsẹ̀ wọ́n yá jọ, á máa pè wọ́n jáde láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Ẹ ó rí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ó rí ọmọṣẹ́ télọ̀, ẹ ó rí ọlọ́kadà tó gbé ọ̀kadà rẹ̀ tì sẹ́bàá pápá kó tó lọ wá oúnjẹ òòjọ́.

Nígbà tó bá di oṣù Kẹrin, òjò á dé. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, koríko á bo ìlà tí wọ́n fà. Tó bá fi máa di oṣù Kẹfà, ó ti dé orókún, ó ti ń lọ síbàdí. Àwọn ọmọ á bá òbí wọn lọ sóko, kóòṣì á padà sídìí tirẹ̀, ẹgbẹ́ á sì túká títí di ìgbà ọyẹ́.

Ìwé ìròyìn yìí kò gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀, kò sì ṣòro. Kí ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tó wà nílẹ̀ Okun, ìyẹn Kàbà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ́pà-Mùró, Yàgbà Ìlà-Oòrùn àti Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn, ní kí wọ́n wọn pápá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ àkóso wọn, kí wọ́n rì òpó ààlà sí i, kí wọ́n sì máa gé koríko rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí dé òpin òjò.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ koríko kéré, kó wo bí ọdún àwọn asáré ṣe ń lọ ní Nàìjíríà. Ìdíje tí àjọ tó ń darí eré sísá lórílẹ̀-èdè yìí fi ń yan àwọn tí yóò ṣojú wa lókè òkun, oṣù Kẹfà tàbí oṣù Keje ló sábà máa ń bọ́ sí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìlú Benin ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n ti ṣe é. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe é ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Àsìkò tí ọmọ Ẹdó, ọmọ Dẹ́lítà àti ọmọ Èkó bá wà lójú eré gan-an ni pápá tiwa wà nínú igbó. Ọmọ wa tó gba ipò kìíní ní oṣù Kejì kò sáré mọ́ láti oṣù Kẹrin. Bí ẹnì kan bá tiẹ̀ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀ ní Benin, kí ni yóò fi sá eré náà?

Ara kì í tọ́jú eré pa mọ́. Àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ti wádìí rẹ̀ dájú pé bí asáré bá dẹ́kun ìdánrawò pátápátá, agbára tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi ń gbé atẹ́gùn dé iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Oṣù mẹ́ta tí kóòṣì fi kọ́ ọmọ náà, kò pé oṣù méjì tí gbogbo rẹ̀ fi wọmi. Nígbà tí oṣù Kìíní bá tún dé, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpìlẹ̀. Ọmọ tó wà ní JSS 1 lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí eré rẹ̀ ní SS 3 má fi bẹ́ẹ̀ ju ti JSS 3 lọ. Lẹ́yìn náà, àwa àgbà á ní ọmọ náà kò ní tálẹ́ńtì tó.

Ohun tó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìgbà òjò gan-an ló dára jù fún kíkọ́ ara asáré ní agbègbè wa. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku á dí imú, ètè á là, ọmọ á máa wúkọ́ lẹ́yìn ìdánrawò. Ní oṣù Kẹta, ooru á mú débi pé tí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ bá ti kọjá, ó ti di ewu láti mú ọmọdé sáré ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ tó ti gbẹ náà le bí òkúta, ojúgun a sì máa dun àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, òwúrọ̀ tutù, afẹ́fẹ́ mọ́, ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Pápá koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ dáadáa, ara kì í roni lórí rẹ̀ tó bó ṣe ń roni lórí ọ̀dà. Asáré tó bá fi oṣù wọ̀nyẹn sá eré rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń fi kún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, yóò ní ìpìlẹ̀ tó lè gbé eré kíákíá dúró nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Òótọ́ ni pé mànàmáná wà, àti pé kóòṣì gbọ́dọ̀ kó àwọn ọmọ kúrò ní gbangba nígbà tí àrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ṣùgbọ́n ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni òjò wa sábà máa ń rọ̀, òwúrọ̀ ṣì wà fún wa.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí pápá bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà òjò a máa lọ sójú títì. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí bí àwọn ọmọ ṣe ń sáré láti Kàbà lọ sẹ́yìn ìlú kí ilẹ̀ tó mọ́, tàbí láti Mọ́pà kọrí sí Ìsánlú. Ta ló jẹ́ rán ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní agogo márùn-ún ààbọ̀ lónìí? Àwọn ajínigbé ti gba ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ́wọ́ wa lójú ọ̀nà wọ̀nyẹn, pàápàá nílẹ̀ Yàgbà, kò sì sí òbí tí a lè bá wí bó bá ní kí ọmọ òun má jáde. Inú ìlú, láàrin ilé, níbi tí àgbàlagbà ti lè máa wo ọmọ, ni eré sísá kù sí. Inú ìlú yẹn sì nìyí, pápá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Pápá yẹn náà ti ń dínkù.

A fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí ìṣòro yìí wà, nítorí pé kì í hàn sójú. Ìyípo ojú eré tó péye jẹ́ 400 mítà. Bó bá ní ọ̀nà mẹ́jọ, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.22 mítà, ilẹ̀ tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ gùn tó 177 mítà, kó sì fẹ̀ tó 93 mítà. A kò tíì sọ ti ibi tí àwọn asáré 100 mítà yóò ti dúró nígbà tí wọ́n bá sá dé òpin. Bí a bá tiẹ̀ dín in kù sí ọ̀nà mẹ́fà, yóò ṣì gbà tó 172 mítà ní gígùn àti 88 mítà ní ìbú. Pápá bọ́ọ̀lù ńkọ́? Èyí tó pé jẹ́ 105 mítà sí 68 mítà. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lè gé ju ìdajì lọ kúrò lára ilẹ̀ tó yẹ fún eré sísá, kí òpó góòlù méjèèjì ṣì dúró níbi tí wọ́n wà, kí ará ìlú sì máa sọ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan pápá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. A wo pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ìjùmú tí a kò ní dárúkọ. Apá tó kọjú sí títì ti di ṣọ́ọ̀bù: oníkóòkì, ẹni tó ń ta káàdì fóònù, ẹni tó ń rọ irin. Apá kejì ni wọ́n kọ́ kíláàsì sí, owó ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, a sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ọ̀nà tí asáré máa ń gbà yí kọ̀rọ̀ ló ti bọ́ sábẹ́ ìpìlẹ̀ kíláàsì náà. Ihò tí wọ́n ń fò sí ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn inú rẹ̀ lọ, ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta sùn sórí rẹ̀. Nígbà intáhaòsì tó kọjá, nínú koríko ni wọ́n ti fo ìfò gígùn.

Ìfò gígùn kan náà ló gba góòlù Òlíḿpíìkì wá sílé fún Nàìjíríà. Chioma Ajunwa fò 7.12 mítà ní Atlanta ní ọdún 1996, obìnrin Áfíríkà kankan kò tíì gba góòlù nínú eré orí pápá tí kì í ṣe sísá ṣáájú rẹ̀. Kí ni eré yẹn ń fẹ́? Ilẹ̀ tóóró tó tẹ́jú tí èèyàn yóò fi sáré bọ̀, pákó kan tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀, àti iyanrìn. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí owó iyanrìn tírélà kan yóò dá gbèsè sí lọ́rùn.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n ní oko ni àwọn ọmọ ń lọ ní ìgbà òjò, ebi kò sì mọ eré. Òdodo ni. Àgbẹ̀ ni wá, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kaṣú ló ń bọ́ ilé wa. Ṣùgbọ́n ìdánrawò wákàtí kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, kò gba oko lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń kọ ebè lọ́sàn-án ti ń kọ́ ara rẹ̀, ohun tó kù fún un ni ibi tí yóò ti na ẹsẹ̀. Wọ́n tún ní kò sówó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Alága tó bá fẹ́ kí a gbèjà òun lórí ẹ̀tọ́ yẹn, àwa yóò gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n kó fi hàn wá pé òun mọ ibi tí owó kékeré ti lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀rọ ìgékoríko kan, epo rẹ̀, àti owó ọwọ́ fún ẹni tí yóò máa tì í: a kò bèèrè pápá rọ́bà.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọ́n sì le jù fún wa láti dáhùn ni àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ní bí àwọn kò bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù, àwọn kò ní rí owó ra ṣọ́ọ̀kì. A mọ̀ pé wọn kò purọ́. Ìjọba tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé bẹ́ẹ̀ ló ni ẹ̀bi. Síbẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù tán lọ́dún, ilẹ̀ tó bá lọ kì í padà. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ́lé sí ibi báyìí báyìí, yálà ọba ni, yálà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni, yálà ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Àbújá, Èkó àti òkè òkun náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà Kérésìmesì ni wọ́n máa ń wálé, nígbà náà sì ni owó eré ìdárayá máa ń jáde: ife bọ́ọ̀lù, jẹ́sì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ kan péré, gbogbo rẹ̀ ti tán. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. A sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pín owó yẹn, kí apá kan dé ọwọ́ kóòṣì ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò. Ẹ wo Okpekpe, ìlú kékeré orí òkè ní Etsako East ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí kò jìnnà sí ààlà Kogi. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń sá eré kìlómítà mẹ́wàá níbẹ̀, àwọn asáré Kẹ́ńyà àti Etiópíà ń wá, àjọ eré sísá àgbáyé sì ti fi òǹtẹ̀ lù ú. Òkè ni wọ́n ní, òkè la ní. Ṣùgbọ́n kí a tó máa lálàá irú rẹ̀ ní Ògìdì tàbí ní Kàbà, ó yẹ kí a ní ọmọ tiwa tí yóò lè sá a dé ìparí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Bí pápá bá di igbó, ọmọkùnrin ṣì lè wá ibòmíràn bá bọ́ọ̀lù lọ. Ọmọbìnrin á padà sílé, ilé á sì fún un níṣẹ́. Ìyá kan tí a bá sọ̀rọ̀ ní Ìsánlú sọ fún wa pé bí òun bá lè dúró lẹ́nu ọ̀nà òun kí òun sì rí ọmọ òun lórí pápá, kò sí ohun tó kan òun bó bá sáré títí ilẹ̀ fi mọ́. Pápá tí wọ́n gé, tó ṣí sílẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń rí, òun ni ààbò ọmọ yẹn.

Nítorí náà, a ń ké sí àwọn alága márààrún, a sì ń ké sí Okun Development Association kó dúró tì wọ́n. Kí òjò ọdún yìí tó dá, kí awọnlẹ̀ ti dé gbogbo pápá. Kí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ náà, kí wọ́n lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri sẹkitéríàtì àti mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí iṣẹ́ koríko gígé wà lọ́rùn rẹ̀ sábẹ́ àwòrán yẹn, pẹ̀lú oṣù tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tí yóò parí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú bá ṣèpàdé ní oṣù Kejìlá, kí àwòrán náà wà lórí tábìlì, kí ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́lé wọ inú ààlà sì wá sọ fún ìpàdé bí yóò ṣe kúrò.