100Mbps kì í ṣe 100MB ní sẹ́kọ́ǹdù kan o: ohun tí nọ́ńbà inú ìpolówó íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ gan-an

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì sílé lónìí, yálà fáíbà ni o tàbí ráótà 5G, nọ́ńbà ló máa kọ́kọ́ rí nínú ìpolówó, 50Mbps, 100Mbps, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà gbọ́ ni pé tóun bá ti sanwó 100Mbps, fáìlì 100MB á wọlé ní sẹ́kọ́ǹdù kan, àti pé tí fídíò bá ṣì ń yí bìrí lẹ́yìn ìyẹn, á jẹ́ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ tàbí kóun lọ ra èyí tó tún ga sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó gidi ló sì ń bá àṣìlóye yìí lọ lóṣooṣù.

Ẹ wo Mbps yẹn dáadáa. b kékeré ló wà níbẹ̀, bit ló dúró fún, ìyẹn ìwọ̀n dátà tó kéré jù lọ; ps yẹn ni "ní sẹ́kọ́ǹdù kan". MB tá a máa ń rí lára fáìlì, B ńlá ni tiẹ̀, byte nìyẹn, bit 8 ló sì wà nínú byte 1. Torí náà ẹ pín 100 yẹn sọ́nà 8, 12.5 lẹ máa rí. Líìnì 100Mbps tó bá ń ṣiṣẹ́ pé pérépéré, MB 12 àtààbọ̀ ló lè gbé wọlé ní sẹ́kọ́ǹdù kan, fíìmù 1GB á gbà tó sẹ́kọ́ǹdù 80 nìyẹn. Èyí tí wọ́n pè ní 20Mbps, MB 2 àtààbọ̀ ni. Ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ò parọ́, àtayé modem 56k ni wọ́n ti ń fi bit wọn ohun tó ń gba orí wáyà kọjá. Àmọ́ tiwa ní Nàìjíríà burú díẹ̀ sí i torí MB àti GB la fi ń ra dátà látọjọ́ yìí, ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ pé 1GB ju 500MB lọ, torí náà tójú wa bá ti rí M báyìí, dátà lọkàn wa máa lọ bá. GB ń sọ bí èyí tẹ́ ẹ lè lò ṣe pọ̀ tó, Mbps ń sọ bó ṣe lè yára wọlé tó, èèyàn lè ní 200GB lórí síìmù kó sì máa fà gọ̀ọ́rọ̀gọ̀. Kódà àwọn plan tí wọ́n ń pè ní unlimited yẹn, ọ̀pọ̀ ló ní FUP (Fair Usage Policy, òfin ìwọ̀n lílò) nínú: tẹ́ ẹ bá ti lo iye GB kan tán, wọn ò ní gé e o, wọ́n á kàn fa spíìdì yẹn wálẹ̀ débi tí fídíò ò ti ní ṣeé wò, inú àlàyé wínníwínní nísàlẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí.

Ẹ tún wo "up to" tó máa ń wà níwájú nọ́ńbà. Ibi tó ga jù tó lè dé ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ pé ibẹ̀ ló máa wà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí ní Britain. ASA tó ń mójú tó ìpolówó lọ́hùn-ún, òfin wọn tẹ́lẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ lè kọ "up to" báyìí-báyìí tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ó kéré tán kọ́sítọ́mà 10 nínú 100 ló lè rí i. Àwọn 90 tó kù lè má fojú kàn án láéláé, ìpolówó yẹn ò sì lẹ́ṣẹ̀ kankan. Nígbà tó di 23 May 2018 ni wọ́n yí i padà, pé nọ́ńbà tó bá máa wọ ìpolówó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó kéré tán ìdajì kọ́sítọ́mà lè rí láàárín aago 8 sí aago 10 alẹ́, ìgbà tí gbogbo ilé ń lò ó. Ẹ má gbàgbé pé ìdajì kejì ṣì lè wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà yẹn o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham tàbí Manchester, àwọn ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ sí àdéhùn Ofcom, àjọ tó ń mójú tó tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ spíìdì tó kéré jù tẹ́ ẹ máa rí kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá wá já wálẹ̀ ju ìyẹn tí wọn ò sì lè tún un ṣe láàárín 30 ọjọ́, ẹ lè kúrò lọ́dọ̀ wọn láìsan owó ìtanràn kankan. Ẹ bi wọ́n o, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ó wá ku ibi tó pọ̀ jù nínú ìyà yìí, ìyẹn sì ni Wi-Fi. Ẹnu ráótà ni nọ́ńbà inú ìpolówó parí sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Bódìjà n'Íbàdàn, fáíbà 100Mbps ni wọ́n ń lò, wọ́n ní, "Àbúrò, àwọn èèyàn yìí ń jí íntánẹ́ẹ̀tì mi ni, mo máa bọ́ sórí 200." Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ráótà wà, wọ́n ti dígí dé e, inverter wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló sì wà láàárín ibẹ̀ àti yàrá tí wọ́n ti ń wo fídíò. Mo fi wáyà LAN so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráótà, mo ṣe speed test, 94. Mo mú fóònù wọn wọ yàrá lójú ẹsẹ̀, 11. Líìnì kan náà, àkókò kan náà. A gbé ráótà jáde kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a gbé e kọ́ ara ògiri lókè ní kọ́ridọ̀, a fi fóònù sórí 5GHz dípò 2.4GHz (ìgbì afẹ́fẹ́ méjì tí Wi-Fi máa ń gbà nìyẹn), ó ń gbé 60 ó lé. Tí wọ́n bá ra 200 yẹn nígbà tí ráótà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, 11 yẹn náà ni wọn ò bá máa rí ní yàrá.

2.4GHz máa ń la ògiri kọjá dáadáa àmọ́ kò yára, chánẹ́ẹ̀lì 3 péré, 1, 6 àti 11, ni kì í gorí ara wọn nínú ẹ̀, tí gbogbo fúláàtì inú ilé bá wá ní ráótà tiwọn, wọ́n á máa du àyè mọ́ra wọn lọ́wọ́. 5GHz yára, ògiri ló ń dá a dúró. Èyí tí wọ́n sì kọ AC1200 sára páàlì ráótà, 300 ti 2.4GHz àti 867 ti 5GHz ni wọ́n rò pọ̀, kò sí fóònù tó máa rí 1200 yẹn lò.

Nọ́ńbà ńlá gan-an, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Netflix fúnra wọn sọ pé 5Mbps tó fún fídíò 1080p, 15Mbps sì tó fún 4K. Ilé tí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ti ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà lè nílò 100, àmọ́ ẹni kan ṣoṣo tó ń lo WhatsApp àti YouTube, 300 ò ní jẹ́ kí nǹkankan yá sí i. Bí ẹ bá fẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn di ìlọ́po méjì, mọ́tò tó ń gbà á kọjá á pọ̀ sí i, àmọ́ mọ́tò kan ṣoṣo tó ń lọ láàárọ̀ kùtù nígbà tí ọ̀nà dá ò ní torí ìyẹn tètè dé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n tí líìnì lè gbé àti bó ṣe ń pẹ́ tó lọ́nà nìyẹn, èyí tó ń pẹ́ lọ́nà yìí ni wọ́n ń pè ní ping, kì í sì í sábà sí nínú ìpolówó. Sátẹ́láìtì àtijọ́ wà lókè níbi 35,786 kìlómítà, bó ṣe wù kí Mbps rẹ̀ pọ̀ tó, tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ lórí ìpè ẹ máa dúró kẹ́nì kejì tó gbọ́. Upload náà wà níbẹ̀, ìyẹn bí ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ṣe ń yára jáde tó. Nọ́ńbà download, ti ohun tó ń wọlé, ni wọ́n ń kọ gàdàgbà, tẹ́ ẹ bá wà lórí Zoom tí wọ́n ní àwọn ò gbọ́ yín mọ́, ẹ lọ wo upload.

Speed test gan-an máa ń mú sáfà tó sún mọ́ yín jù, tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Èkó níbẹ̀ náà ló lọ tó sì bọ̀, kò sọ nǹkankan nípa ọ̀nà tó gba abẹ́ òkun lọ sí Yúróòpù. Ní 14 March 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì di wàhálà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ra plan tó ga jù náà jìyà ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé mélòó ni upload, mélòó ni FUP, mélòó lèèyàn máa ń rí ní aago 8 alẹ́ ládùúgbò yìí gan-an, kẹ́ ẹ sì bi aládùúgbò tó ń lò ó. Tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó tí kò lọ dáadáa, ẹ fi wáyà LAN ṣe test ní alẹ́ àti ní àárọ̀, ẹ ya screenshot tí déètì àti aago bá hàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ pe 622, líìnì NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, ni, ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè.