Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni iná Lahaina

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Iná tó jó ìlú Lahaina ní erékùṣù Maui, ní Hawaii, lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àgbọ́tẹ́lẹ̀ pátápátá ni, síbẹ̀ ó pa èèyàn 102. Arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í tètè dùn bí mo bá gbọ́ pé ìjọba erékùṣù kan ń tún ìwé ètò ìdènà àjálù rẹ̀ kọ. Èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Kí lẹ fi ṣe?

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà tó jáde lọ́dún 2000, ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó ìdènà àjálù lọ́wọ́ FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjálù, gbọ́dọ̀ ní irú ìwé yìí, kó sì máa tún un kọ lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Ẹni tó bá mọ ìṣe ọ́fíìsì ìjọba ti mọ ibi tí èyí lè já sí. Ẹ ó rí i pé bí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú tán, ó di ọdún márùn-ún mìíràn.

Ti Maui tí wọ́n kọ lọ́dún 2020 kì í ṣe ìwé yẹpẹrẹ o. Ó sọ ọ́ gbangba pé apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, níbi tí Lahaina wà, ni iná igbó ti lè ṣẹlẹ̀ jù. Ó ní agbègbè yẹn wà lára ibi tí àwọn tí kò ní mọ́tò pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ sí jù, pé ìkìlọ̀ lè má tètè yé wọn kí wọ́n tó sá. Kí ló tún kù tí ìwé ì bá sọ? Ìwé mìíràn lórí iná igbó ti kìlọ̀ lọ́dún 2014. Nígbà tó sì di ọdún 2018, tí ìjì Lane ń kọjá, iná wọ Lahaina, ó jó ilé bíi ogún.

Lójú tèmi, orí koríko ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Oko ìrèké àti ọ̀pẹ̀yìnbó ló gba ilẹ̀ Maui tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ ṣúgà Lahaina tì lọ́dún 1999, èyí tó gbẹ̀yìn ní gbogbo Hawaii kógbá sílé lọ́dún 2016, kò sì sẹ́ni tó ń bomi rin ilẹ̀ náà mọ́. Ni koríko Guinea bá gba ibẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni koríko yìí ti ṣẹ̀ wá, oúnjẹ màlúù ni wọ́n fi ṣe. Ẹni tó dàgbà lóko mọ̀ ọ́n: bí òjò bá rọ̀, ó ga ju èèyàn lọ, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó gbẹ fúrúfúrú, ó ń dúró de ẹni tó máa ṣáná. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tiwa, kí ọyẹ́ tó mú gan-an, wọ́n á ti ro etí oko yí ká títí erùpẹ̀ á fi hàn, kí iná tó bá ń bọ̀ láti oko ẹlòmíì má rí nǹkan jẹ débẹ̀. Àdá àti ọkọ́ náà ni. Ní Maui, ta ni kó ro ilẹ̀ tí oníṣúgà ti pa tì? Ìlà tó bá sọ̀rọ̀ koríko yẹn nínú ìwé tuntun ni kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa ro ó àti ọjọ́ tó máa ro ó sí.

Ti sáírìn, fèrè ìkìlọ̀ tí gbogbo ìlú ń gbọ́, ló dùn mí jù. Lẹ́yìn sùnámì, ìgbì òkun ńlá tó ya wọ ilẹ̀, ti ọdún 1946 ni Hawaii fọwọ́ mú ọ̀rọ̀ sáírìn. Ní ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n máa ń fọn ọ́n láti dán an wò. Lọ́jọ́ tí Lahaina ń jó, tí àwọn kan ń bẹ́ sínú òkun, kò dún rárá. Herman Andaya, ọ̀gá ọ́fíìsì pàjáwìrì Maui, wà ní erékùṣù Oahu, níbi ìpàdé FEMA lórí ìmúrasílẹ̀ fún àjálù. Ẹ tún un kà. Ó ní bí sáírìn bá dún, àwọn èèyàn á rò pé sùnámì ni, wọ́n á sá gba orí òkè lọ pàdé iná. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwíjàre rẹ̀ ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ìkànnì ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ka iná igbó mọ́ ohun tí wọ́n lè fọn sáírìn fún. Ta ló yẹ kó kọ́ aráàlú?

Owó ìdènà àjálù náà ti há rí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni FEMA kéde pé òun ń fòpin sí BRIC, ọ̀kan lára àwọn ètò tí wọ́n fi ń pín owó ìdènà àjálù, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì gbé e lọ sí kóòtù. Ó dáa, kò gba owó FEMA kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ọ̀gá bá rìnrìn àjò, ta ló ní àṣẹ láti fọn sáírìn. Kò sì gba owó ńlá kí ìpàdé ìlú lórí ìwé ètò náà tó wáyé lédè Ilocano àti Tagalog, torí àwọn tó wá láti Philippines pọ̀ ní Lahaina, kó sì jẹ́ lálẹ́. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kò lè wá ìpàdé aago mẹ́wàá àárọ̀.